Ọba Mọ́rọ̀: Eré Olórin Tí Ọ̀pọ̀ Kò Mọ̀ àti Ìrètí Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Òkun

Ìrètí kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ràn eré orí ìtàgé mọ̀ dáadáa. Kì í ṣe ìrètí eré tuntun, nítorí ẹni tó ń lọ wo eré tuntun kò mọ ohun tí yóò bá pàdé. Kì í sì í ṣe ìrètí eré tí tẹrú tọmọ ti mọ̀, tí àwọn òǹwòran á ti máa gbe orin rẹ̀ kí òṣèré tó la ẹnu. Ìrètí tí mo ń wí ni ti eré àtijọ́ tí a gbọ́ orúkọ rẹ̀ nìkan. A mọ ẹni tó ṣe é, a mọ ọdún tí ó ṣe é àti ilé tí ó ti ṣe é, ṣùgbọ́n a kò sí níbẹ̀. Bí a bá wá gbọ́ fìn-ín pé àwọn kan ń gbèrò àtigbé irú eré bẹ́ẹ̀ padà sí ojú agbo, ìbáà ṣe nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí àga inú rẹ̀ kò pé 100, oorun á dá lójú ẹni. A ó máa bi ara wa léèrè: orin wo ni wọn yóò kọ? Ta ni yóò lu ìyáàlù? Ǹjẹ́ wọ́n tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀?

Láàrin àwọn eré olórin Yorùbá, èyí tí èmi máa ń retí lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni Ọba Mọ́rọ̀ tí Dúró Ládiípọ̀ ṣe. Bí a bá dárúkọ Ládiípọ̀ níwájú akẹ́kọ̀ọ́ girama, Ọba Kò So ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, kò sì yani lẹ́nu. Ọba Kò So ni ó gbé òṣèré náà dé Berlin ní 1964, òun ni ó gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965 fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth, òun náà ni ó sì gbé e káàkiri Amẹ́ríkà ní 1975. Ṣùgbọ́n Ọba Kò So ní ẹ̀gbọ́n. Ní 1962 ni Ọba Mọ́rọ̀ jáde, nígbà tí Ọba Kò So kò tíì dé. Ní 1963 ni àbúrò dé, ó sì gba òkìkí mọ́ ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí a wo bí ẹ̀gbọ́n náà ṣe di ẹni ìgbàgbé, kí a sì wo ìdí tí mo fi gbà pé bí eré yìí yóò bá tún jí, ilẹ̀ Òkun kò burú ní ibi tí yóò jí sí.

Ìtàn tí eré náà dúró lé wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Àwọn Tápà ni ó lé àwọn ará Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Aláàfin Onígbogí sá lọ sí ilẹ̀ Bàrìbá, àwọn ọmọ rẹ̀ sì rìn títí kí wọ́n tó tẹ Ìgbòho dó. Ibẹ̀ ni ìjọba wà láti ọ̀dọ̀ ọba kan dé òmíràn, títí ó fi kan Aláàfin Abípa. Abípa ni ó wí pé ó tó gẹ́ẹ́, kí àwọn padà sílé.

Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kò fẹ́. Ẹ má ṣe dá wọn lẹ́bi kíákíá. Ní Ìgbòho ni wọ́n ti bí àwọn àti àwọn ọmọ wọn, ibẹ̀ ni ilé àti oko wọn wà. Ọ̀yọ́-Ilé tí ọba ń sọ ti di igbó kìjikìji lójú wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dojú kọ Aláàfin pé òun kò lọ? Ọgbọ́n ni wọ́n dá. Nígbà tí ọba yan àwọn tí yóò lọ wo ilẹ̀ ní ahoro ìlú náà, tí wọn yóò sì ṣe ètùtù, àwọn ìjòyè ti rán àwọn ènìyàn tiwọn ṣáájú lọ ní ìkọ̀kọ̀: abuké, àfín, arọ, aràrá, adẹ́tẹ̀, àwọn tí ojú ayé ìgbà náà ń wò bí abàmì. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni pé kí wọ́n fara pamọ́ sí orí òkè, kí wọ́n máa gbé iná kiri lóru, kí wọ́n sì máa kígbe pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Àwọn ìránṣẹ́ ọba gbọ́ igbe yìí, wọ́n sì fi eré sí i. Wọ́n wá jíṣẹ́ fún Abípa pé ọ̀rọ̀ ti gba ìlú náà, pé iwin ni ó ń gbé ibẹ̀.

Ológbò, arọ́kin ọba, ni ó tú àṣírí. Ọba kò pariwo. Ó rán àwọn ọdẹ tó dáńtọ́, ó ní kí wọ́n mú àwọn iwin náà wá láàyè. Wọ́n mú wọn wá lóòótọ́. Nígbà tí ọdún dé, tí àwọn ìjòyè jókòó tí wọ́n ń retí ọtí tí ọba yóò fi ṣe wọ́n lálejò, ọba mú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn iwin náà, ó gbé agbè ọtí lé e lọ́wọ́, ó sì rán an sí ọ̀gá tó rán an níṣẹ́ gan-an. Ẹ fojú inú wo àwọn ìjòyè náà. Kò sí ẹni tó lè béèrè nǹkan, kò sí ẹni tó lè bínú. Ìgbà tí wọ́n parí ọtí wọn ni wọ́n mọ̀ pé àwọn yóò dìde kúrò ní Ìgbòho. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀. Johnson fi kún un pé Ológbò kò pẹ́ láyé lẹ́yìn èyí, àti pé wọ́n fura pé májèlé ni. Mo máa ń ronú nípa arọ́kin náà ju ọba lọ. Ẹni tó ń pa ìtàn mọ́ ni ó sọ òtítọ́, òun náà ni ó fi ẹ̀mí san án.

Bí a bá wo ìtàn náà dáadáa, eré orí ìtàgé ni látòkèdélẹ̀. Àwọn kan múra bí ohun tí wọn kì í ṣe, wọ́n lo iná àti ohùn, àwọn òǹwòran sì gbà wọ́n gbọ́. Ọba náà tún ṣe eré tirẹ̀ padà fún àwọn ìjòyè láàárín àríyá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédẹjì, tí ó fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969 tọ orísun eré alárìnjó, tilẹ̀ gbà pé ìgbà Abípa yìí gan-an ni irúgbìn eré eégún aláré ti kọ́kọ́ hù ní ààfin, ó sì so ó mọ́ orúkọ Ológbìn Ológbòjò. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ìtàn ni àwọn apidán fi ń gbé orísun ara wọn ga, èyí tó dájú ni pé alárìnjó ti wà ní Ọ̀yọ́-Ilé pẹ́ títí. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland tó ń rìnrìn àjò, jókòó ní Ọ̀yọ́-Ilé gẹ́gẹ́ bí àlejò Aláàfin, ó sì wo eré wọn. Ó rí àwọn tí wọ́n ń jó nínú àpò, ó rí ẹni tó di erè, ó sì rí ẹni tó múra bí òyìnbó, tó ń rìn bí ẹni tí òtútù ń mú, tí gbogbo agbo sì ń rẹ́rìn-ín. Àlejò tó wá wo ìran, òun alára ni wọ́n fi ṣe eré jẹ! N kò mọ ibòmíràn tí a ti rí ẹ̀rí tó dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn eré wa.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀dọ̀ Ládiípọ̀. Inú ìdílé tó ń ṣiṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni a ti bí i. Ó ṣe tíṣà ní òkè ọya fún ọdún mélòó kan kí ó tó padà sí Òṣogbo. Ní Ọdún Àjíǹde 1961, ó gbé kàǹtátà kan kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù dùndún sí i. Àwọn kan nínú ìjọ gbà pé ìlù kèfèrí kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Loní tí dùndún ń dún ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó lè ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ láti mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gbóná tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Ládiípọ̀ gbé orin rẹ̀ jáde, ó ń wá ilé fún un. Ní ìparí ọdún 1961 kan náà ó ṣe kàǹtátà Kérésìmesì ní ilé ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn, èyí tí Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé òun náà lè ní irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ilé wo? Ilé ọtí tirẹ̀ ni. Ládiípọ̀ ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo tí wọ́n ń pè ní Popular Bar. Òun àti Beier sọ ọ́ di ibùdó iṣẹ́ ọnà. Mbari jẹ́ ọ̀rọ̀ Ìgbò, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà Òṣogbo gbọ́ ọ bí Yorùbá: wọ́n ní M bá rí i, m bá yọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Mbari Mbayo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1962 ni wọ́n ṣí i, Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n sì fi ṣí i.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi ilé yìí, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Mbari Mbayo kò tóbi. Àgbàlá ilé ni, ojú títì ni ó kọjú sí. Àwọn tí wọ́n ń lọ sí ọjà lè yà wò ó, ọmọ kékeré lè dúró ní ẹnu ọ̀nà. Kò sí aṣọ ìkélé tó ń fà wá fà lọ, kò sí iyàrá ìmúra tó jìnnà. Àwọn tí wọ́n ń ṣe eré àti àwọn tí wọ́n ń ya àwòrán jọ ń gbé inú agbo kan náà ni. Jimoh Buraimoh, tí ayé wá mọ̀ bí ayàwòrán tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣiṣẹ́, òun ni ó ń bójú tó iná ìtàgé fún ẹgbẹ́ Ládiípọ̀. Twins Seven-Seven, tí òkìkí rẹ̀ kàn ju ti ọ̀pọ̀ lọ nínú wọn, oníjó ni nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1964. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, iwin tó bá yọ láti ẹ̀yìn ògiri ń yọ sí òǹwòran létí gan-an ni. Ìtàn Abípa bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí National Theatre ní Ìgánmú, tí gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ gba 5,000 ènìyàn, ta ni yóò bẹ̀rù iwin tó jìnnà sí i tó bẹ́ẹ̀?

Kí wá ni ó fà á tí eré náà fi di ohun ìgbàgbé? Mo rí ìdí bíi mélòó kan. Ti àkọ́kọ́ ni Ṣàngó. Ọba Kò So ní òrìṣà nínú, ó ní bàtá, ó ní iná tó ń jáde lẹ́nu ọba. Ó ní Ọya tí Abíọ́dún, ìyàwó Ládiípọ̀, ń ṣe. Abípa kò ní òrìṣà kankan tó ń bá a rìn. Ọgbọ́n nìkan ni ó ní, ọgbọ́n kì í sì í tan iná lójú ìtàgé. Ìdí kejì wà nínú orin. Ẹni tó ṣe Ọba Mọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò nínú kàǹtátà ni. Ẹni tó ṣe Ọba Kò So ní ọdún tó tẹ̀ lé e ti lọ jókòó ti àwọn onílù àti àwọn apohùn fún ìgbà díẹ̀. Ó dá mi lójú pé eré kejì sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, n kò sì ní í purọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé mo fẹ́ràn èyí tí a gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ìdí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ìwé. Wọ́n tẹ Ọba Kò So ní èdè Yorùbá, Institute of African Studies ní Ìbàdàn sì gbé e jáde pẹ̀lú àmì ohùn àti ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n tẹ Mọrèmi náà. Ní ti Ọba Mọ́rọ̀, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n ni ìwé kékeré kan tí Mbari tẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964, tí Beier fi Gẹ̀ẹ́sì tún sọ eré mẹ́ta Ládiípọ̀ nínú rẹ̀: Ọba Kò So, Ọba Mọ́rọ̀ àti Ọba Wàjà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ti Ẹlẹ́ṣin Ọba ní Ọ̀yọ́, ìṣẹ̀lẹ̀ tí Ṣóyínká náà kọ eré lé lórí nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1975. Iṣẹ́ Beier wúlò púpọ̀, àwa tí a kò sí ní Òṣogbo ní 1962 jẹ ẹ́ ní gbèsè. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìlù kò sí nínú rẹ̀, ohùn kò sí, oríkì ti di gbólóhùn lásán. Ẹni tó bá ka Ọba Mọ́rọ̀ nínú rẹ̀ yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò ní í mọ bí ó ṣe dún.

Ìwé Johnson tí Ládiípọ̀ ti fa ìtàn yọ pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé. Ní 1897 ni Johnson parí rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Samuel Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson tó jẹ́ oníṣègùn, ni ó tún kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù jọ, tó tún un kọ, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Bí kì í bá ṣe ti Obadiah, ta ni yóò sọ fún wa nípa àwọn iwin orí òkè náà ní ọ̀nà tí a fi mọ̀ wọ́n yìí?

Níbí ni ará Kàbà kan lè ti dá mi dúró pé: ìtàn Ọ̀yọ́ ni èyí, kí ló kàn wá? Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Òwé, Ìjùmú, Yàgbà, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ kò sin Aláàfin. Ọ̀bàrọ́ ti Kàbà kì í ṣe ọmọ Aláàfin, àwọn ìjòyè tó ń bá a pín agbára ní Kàbà kì í sì í ṣe ẹ̀dà Ọ̀yọ́ Mèsì. Adé Ọbáyẹmí, onímọ̀ ìtàn tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Òkun, ṣàlàyé nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 1976 pé irú ìlú kéékèèké tí a ní ní ilẹ̀ Òkun ṣeé fi mọ bí ayé Yorùbá ti rí kí àwọn ìjọba ńlá tó dìde. Ìyẹn ni pé a kò ti ẹ̀yìn Ọ̀yọ́ wá. Ọ̀nà wa ti wà kí Ọ̀yọ́ tó di ńlá. Èmi gbà pẹ̀lú rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé Ọba Mọ́rọ̀ wá sí Kàbà bí ẹni pé ìtàn Ọ̀yọ́ ni ìtàn gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ìtàn náà gbọ́. Àwọn Tápà ni ó lé wọn kúrò nílé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Tápà Bídà ni ó ń kó ìlú wa. Wọ́n ń gba ẹrú bí owó ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n fi àjẹ́lẹ̀ sí àárín wa, àwọn ìlú kan sì gun orí òkè lọ kí ọwọ́ ẹlẹ́ṣin má bàa tẹ̀ wọ́n. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1897, ọdún kan náà tí Johnson parí ìwé rẹ̀, ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kàbà, lẹ́yìn èyí ni wọ́n lọ ṣẹ́gun Bídà ní ìparí oṣù náà. Agbára Tápà lórí wa dópin, agbára mìíràn sì rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí Abípa bi àwọn ìjòyè rẹ̀, ǹjẹ́ kí a padà sí ibi tí a ti sá, tàbí kí a jókòó sí ibi tí ó ti mọ́ wa lára, kì í ṣe ìbéèrè àjèjì ní ilẹ̀ Òkun. Àwọn ìlú wa kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ nígbà tí ogun kásẹ̀, ó sì dá mi lójú pé àwọn àgbà kan wà nígbà náà tí kò fẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ Òkun bá ń ṣe Ọ̀yọ́ Mèsì lórí ìtàgé, ó lè béèrè ìtàn ìsọ̀kalẹ̀ ìlú tirẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀ kí ó tó wá sí ìdánwò eré.

Ohun mìíràn tún wà. Ní 1962 tí Ọba Mọ́rọ̀ jáde, Òṣogbo wà ní Ìwọ̀-Oòrùn, Kàbà wà ní Àríwá. Ọ̀rọ̀ pé kí Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ní 1957 sí 1958, ṣùgbọ́n ààlà kò kúrò níbi tó wà. Ìpínlẹ̀ Kwara ni a wà láti 1967, Kogi sì ni láti 1991. Gbogbo ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń ná sí orí èdè àti eré Yorùbá, láti tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ti 1959 lọ sókè, ìta ni àwa ti ń wò ó. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri ń wọ Àríwá lóòótọ́. Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ dé Jọ́ọ̀sì ní 1946, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ níbẹ̀ nítorí eré tó ṣe lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n eré inú àgbàlá ilé ọtí ní Òṣogbo kò lè kọjá gbogbo ààlà wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Bí a bá ṣe é ní Kàbà, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí nígbà náà ni a ó rí.

A kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Ọbáfẹ́mi, tí wọ́n bí ní Akútúpà-Kírì ní ilẹ̀ Búnú ní 1950, ti fi hàn pé ọmọ Òkun lè fi orin, ijó àti ọ̀rọ̀ ṣe eré tó ń bá ìjọba sọ òtítọ́. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèré Ajon sílẹ̀ ní Ìlọrin, ìwé eré rẹ̀ bíi Nights of a Mystical Beast sì jáde ní 1986. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, síbẹ̀ orin ni ó ń gbé eré rẹ̀ rìn. Òǹwòran tó ti rí irú eré bẹ́ẹ̀ kò ní í bẹ̀rù eré tí orin pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí mo rò. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ, nítorí ogún Ládiípọ̀ ni eré náà, ó sì ní ẹbí. Ẹ má ṣe túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Beier padà sí Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ ó rí yóò dà bí iyán tí wọ́n tún gbé padà sínú odó lẹ́yìn tó ti tutù. Ẹ fi ìwé náà mọ bí ìran ṣe tẹ̀ lé ìran, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹnu ara wọn sọ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ wá kọ ohun tó bá dára sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri ti ń ṣe é. Karin Barber, tó bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí rìn, tó sì tẹ ìwé lórí wọn ní 2000, ṣàlàyé bí eré wọn kì í ṣe ohun tí a kọ sílẹ̀ tán kí a tó ṣe é. Ẹnu òṣèré ni ó ń pọ̀ sí i, tí ó sì ń yí padà láti alẹ́ dé alẹ́. Nítorí náà, kò sí Ọba Mọ́rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ó fi ṣe ìwọ̀n pé tiyín kò péye.

Ní ti èdè, ẹ jẹ́ kí ọba àti àwọn ìjòyè sọ Yorùbá àjùmọ̀lò, kí àwọn ọdẹ sì sọ Òwé. Àwọn òǹwòran á bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ọdẹ bá fi "Òkun o" kí Aláàfin, ẹ̀rín náà yóò sì jẹ́ ti ayọ̀ pé àwọn náà wà nínú ìtàn. Ní ti ìlù, ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ dípò rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo tó mọ ìyáàlù lù dára ju agbohùnsókè mẹ́rin lọ nínú gbọ̀ngàn kékeré.

Ibi tí yóò le jù ni àwọn iwin. Ìtàn náà fi abuké, àfín, adẹ́tẹ̀ àti arọ ṣe ohun ìdẹ́rùbà. Ọmọ kan lè wà nínú kíláàsì yín tó jẹ́ àfín, tàbí tó ń fi ọ̀pá rìn. Bí ẹ bá ní kí àwọn yòókù máa sín irú rẹ̀ jẹ kí ènìyàn lè rẹ́rìn-ín, ẹ ti ṣe é níkà. Ohun tí èmi yóò ṣe ni pé n kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni múra bí aláàbọ̀ ara. Màá fi aṣọ, ìbòjú àti iná bo gbogbo wọn bákan náà lórí òkè, kí ó jẹ́ pé ohùn ni àwọn òǹwòran yóò máa gbọ́. Ìgbà tí àwọn ọdẹ bá mú wọn, tí wọ́n bá ṣí ìbòjú kúrò, ni a ó rí i pé ènìyàn ni wọ́n, pé àwọn alágbára ni ó rán wọn lọ sí inú igbó àti òtútù. Ẹ fún wọn ní orin tiwọn níbẹ̀. Inú ìtàn Johnson, wọn kò sọ nǹkan kan fún ara wọn. Agbè ọtí nìkan ni wọ́n gbé. Bí ọmọ tó jẹ́ àfín náà bá sì fẹ́ kópa, ẹ bi í irú ipa tó fẹ́. Ó lè jẹ́ Abípa ni yóò mú.

Ẹ ṣe é ní alẹ́, kí ẹ sì ní fìtílà mẹ́fà tàbí méje nílẹ̀ nítorí iná mànàmáná. Bí iná bá lọ nígbà tí àwọn iwin ń kígbe, ẹ má ṣe dá eré dúró, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀.